Rédíò Àfọwọ́yí Dákẹ́, Oníṣẹ́ Ní Ó Ti Kú

Rédíò àfọwọ́yí kò bèèrè iná mànàmáná, kò bèèrè owó bátìrì lójoojúmọ́. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan, Trevor Baylis, ló ronú kan irú rẹ̀ ní 1991, nígbà tó wo ètò tẹlifíṣọ̀n kan lórí àrùn éèdì ní Áfíríkà. Sípíríǹgì ló gbé tirẹ̀ ṣiṣẹ́. Dáínámò ló wà nínú ọ̀pọ̀ tòde òní: bọ́wọ́ bá ṣe ń yí i, iná ń wọ bátìrì kékeré inú rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ìyá ọlọ́jà á yí i títí apá á fi máa ro ó, rédíò á sọ̀rọ̀ díẹ̀, á dákẹ́. Oníṣẹ́ tí ojú ń kán á ní ó ti kú, kó lọ ra òmíràn. Kó rọra ná o!

Kó tan án, kó máa yí i. Bó bá ń sọ̀rọ̀ bọ́wọ́ ṣe ń yí i, tó dákẹ́ ní kété tọ́wọ́ dúró, bátìrì inú ló sábà máa ń gbó. Irú rẹ̀ gan-an ni kí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá ń yí fẹ́rẹ́ láìwúwo lọ́wọ́, ó lè jẹ́ eyín inú ló jẹ. Bó bá wúwo bó ti yẹ, àmọ́ tí kò fọhùn rárá, kí wọ́n kọ́kọ́ wo wáyà àti súìṣì.

Èyí tí wọ́n tì mọ́ àpótí fún oṣù púpọ̀ ni bátìrì rẹ̀ ń tètè kú. Kó máa yí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kówó má bàa ṣòfò.