Àwòrán Kì Í Ṣe Ti Ọmọdé Nìkan

Kò sí oníṣẹ́-ọwọ́ kan ní ilẹ̀ wa tí ó fi etí nìkan kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ-iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ a máa jókòó ti ẹwìrì, a máa wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kan iṣẹ́ olùkọ́, a ó kó àwọn tí ń ṣe é jọ sí gbọ̀ngàn, a ó sọ̀rọ̀ sí wọn létí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, a ó sì di ìwé ńlá lé wọn lọ́wọ́ kí wọn máa lọ.

Èrò mi ni pé ó yẹ kí a fi àwòrán tí kò lọ́jú pọ̀ kún ohun tí a fi ń kọ́ àwọn olùkọ́ fúnra wọn: ojú-ìwé kan ṣoṣo, tí ń fi ìṣísẹ̀ iṣẹ́ hàn lẹ́sẹẹsẹ, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ṣókí lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìyọkúrò wò. Olùkọ́ fẹ́ yọ 17 kúrò nínú 42. Àwòrán mẹ́rin tó. Ní èkínní, ìdì ìgbálẹ̀ mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹyọ mẹ́wàá, àti ẹyọ méjì lọ́tọ̀. Ní èkejì, a tú ìdì kan: ó ku ìdì mẹ́ta, ẹyọ sì di méjìlá. Ní ẹ̀kẹta, a mú ìdì kan àti ẹyọ méje kúrò. Ní ẹ̀kẹrin, ìdì méjì àti ẹyọ márùn-ún ni ó kù, èyíinì ni 25. Olùkọ́ tí ó rí i bẹ́ẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú lè fi í kọ́ ọmọ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kò sì ní ná an ní kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré fún orílẹ̀-èdè wa. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kínní, ọdún 1955, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò tó 500,000 ní ọdún 1954 di ẹni tí ó ju 800,000 lọ láàárín ọdún kan. Ọ̀pọ̀ ẹni tí a fi ṣe olùkọ́ wọn ni kò tí ì kọ́ iṣẹ́ náà. Nígbà tí Ìjọba Àpapọ̀ mú irú ètò bẹ́ẹ̀ ká gbogbo Nàìjíríà ní ọdún 1976, ìṣòro kan náà ni a tún bá pàdé. Ọdún náà ni a dá National Teachers' Institute sílẹ̀ ní Kàdúná, láti máa fi ìwé títẹ̀ kọ́ àwọn olùkọ́ láti ọ̀nà jíjìn.

Àwọn kan yóò wí pé ìwọ̀sí ni kí a máa fi àwòrán kọ́ àgbàlagbà. Kò rí bẹ́ẹ̀. A máa ń ya ilé sórí tákàdá kí bíríkìlà tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Àwòrán sì ni dókítà fi ń kọ́ ètò ara ènìyàn.

Síbẹ̀ àwòrán ní ààlà. Bí a bá kó àwọ̀ mèremère kún inú rẹ̀, ojú yóò lọ sí ibi tí kò yẹ. Bí a bá sì so ó mọ́ ògiri láìsí ẹni tí ó dán an wò, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Kí olùkọ́ fi ṣiṣẹ́ lójú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì jọ sọ ibi tí ó kù sí. Kò gbọdọ̀ di pàṣán lọ́wọ́ alábẹ̀wò ilé-ìwé, tí yóò máa fi bá olùkọ́ wí nítorí pé ó fo ìṣísẹ̀ kan.

Ta ni yóò yà á? Láti àwọn ọdún 1920 ni Aina Onabolu ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé Èkó ní àwòrán yíyà, àwọn tí wọ́n jogún iṣẹ́ rẹ̀ sì wà láàárín wa. Kí a fi àwọn olùkọ́ àgbà tì wọ́n. Kí wọ́n ya odó, igbá àti àgbọn dípò èso tí ọmọ wa kò rí rí. Kí ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ jẹ́ Yorùbá fún Yorùbá, Haúsá fún Haúsá, Ígbò fún Ígbò, kí àwọn èdè tí kò ní èrò púpọ̀ má sì ṣe gbẹ́yìn. Àwòrán kan náà lè sin gbogbo Nàìjíríà.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹgbẹ́ yín, NUT, ti wà láti ọdún 1931. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yan ẹ̀kọ́ kan tí ó le jù, kí ó ya ojú-ìwé kan fún un kí ọdún yìí tó parí. Bí a bá ń dúró de Ìjọba, ọmọ tí ó wà ní kíláàsì lónìí kò ní dúró dè wá.