Àtúnṣe Kì í Ṣe Àtúndá

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, àtúnṣe, ni a ń lò fún iṣẹ́ méjì. Bí awọ gúdúgúdú bá ya tí a pààrọ̀ rẹ̀, àtúnṣe ni. Bí onílù bá fi ìda kún ojú rẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè yí padà, ohun tí kò bàjẹ́ ni ó fọwọ́ kàn; àtúndá ni èyí.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ẹ̀rọ aṣẹ̀dá-ìró alátòpọ̀, irú èyí tí Robert Moog fi han aráyé ní Amẹ́ríkà ní 1964, tí a ń fi wáyà so ẹyọ kan mọ́ èkejì. Ẹyọ tí ó bá gba àtúndá gbọ́dọ̀ ní àwòrán ọ̀nà iná, orúkọ lára ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, àti àyè tí a lè jó nǹkan tuntun mọ́. Bí ìwé rẹ̀ bá pe gbogbo èyí ní àtúnṣe, ẹni tí ń tún rédíò ṣe ní Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà-Àkókó yóò máa wá ibi tí ó bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibi tí ó bàjẹ́.

Àwọn kan lè ní kò sí ẹni tí í ṣi àtúnṣe gbọ́ lọ́jà. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n a lè bi ọlọ́jà léèrè, a kò lè bi ìwé. Kí ògbufọ̀ ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀.