Ẹ Bá Bàbá Dé Ìloro

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tí ó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn dìde, ó ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ láti fi ṣọ́ ìrìn ẹni tí ó ní àrùn Parkinson kò wúlò fún wa. Ó ní bí ojú dókítà bá ríran, kí ó sáà ní kí aláìsàn rìn lọ, kí ó rìn bọ̀, yóò mọ ohun tí ń ṣe é. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi kò pàtẹ́wọ́. Mo dákẹ́ lọ́jọ́ náà nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kàn mí lára púpọ̀, ṣùgbọ́n lónìí mo fẹ́ fún un lésì.

Ọmọ Òtu ni mí, ní Òkè-Ògùn. Àgbẹ̀ ni bàbá tí ó bí bàbá mi, iṣu àti ẹ̀gẹ́ ni ó ń gbìn. Nígbà tí ó lé ní ọmọ àádọ́rin ọdún, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Ohun tí ó bà wá lẹ́rù ni ẹnu ọ̀nà. Bí ó bá dé ìloro, ẹsẹ̀ rẹ̀ a dúró lójijì, orókún rẹ̀ a máa gbọ̀n, ara rẹ̀ a fẹ́ lọ síwájú, ẹsẹ̀ kò sì ní tẹ̀ lé e. Òun fúnra rẹ̀ a ní, “Ilẹ̀ gbá mi lẹ́sẹ̀ mú.” Àwọn kan ní àgbà ló dé, àwọn mìíràn ní ayé ni.

A gbé e lọ sí ọsibítù kan. Dókítà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó níwà, bi í pé, “Bàbá, ṣé ẹsẹ̀ yín máa ń dì?” Bàbá wò ó títí, ó ní, “Ta ni yóò dì mí lẹ́sẹ̀, ọmọ mi? Ṣé mo jalè ni?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ohun tí dókítà ní lọ́kàn ni omi tí ó di yìnyín, nítorí bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń sọ ọ́. Ohun tí bàbá gbọ́ ni okùn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí ó rìn. Bàbá na ara rẹ̀, ó rìn lórí ilẹ̀ dídán náà bí ẹni tí ń lọ gba oyè. Wọ́n ní àgbà ni. Kò tó oṣù mẹ́rin tí ilẹ̀ tún gbá a lẹ́sẹ̀ mú ní ìloro, ó ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ dá. Ibẹ̀ ni dókítà mìíràn ti wá sọ orúkọ àrùn náà fún wa. Bàbá kò dìde mọ́ títí ó fi kú.

Dókítà àkọ́kọ́ kò fọ́jú. Àrùn yìí ni ó máa ń sá fún ojú tí ń wò ó. Bí aláìsàn bá fi gbogbo ọkàn sí ìrìn rẹ̀, ìrìn náà lè dára fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹnu ọ̀nà tóóró ni ó ti ń dé, tàbí níbi tí ènìyàn bá ti fẹ́ yípadà, tàbí nígbà tí ọkàn bá wà lórí nǹkan mìíràn. James Parkinson, tí a fi orúkọ rẹ̀ pe àrùn náà, kọ̀wé nípa ènìyàn mẹ́fà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1817. Òpópónà ni ó ti rí àwọn kan nínú wọn. Nílé wa níhìn-ín, Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun ti Ìbàdàn, pẹ̀lú Schoenberg ti Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, wá àrùn yìí láti ilé dé ilé ní Igbó-Ọrà ní Ìbàràpá. Ìwé wọn jáde ní 1988. Nínú 100,000 ènìyàn tí ó ti tó ogójì ọdún, 67 ni wọ́n ṣírò pé ó ní in. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní Copiah ní Mississippi, 341 ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èyí pè é ní àrùn òkè òkun. 67 kì í ṣe òfo, bàbá mi kò sì dé Mississippi rí.

Ẹ̀rọ tí ọ̀rẹ́ mi ń kẹ́gàn kò ju páálí ìṣáná lọ. Ó ń mọ bí ara ṣe ń yára àti bí ó ṣe ń yí. Mímì ẹsẹ̀ tí ń rìn déédéé kì í sábà ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹsẹ̀ tí ilẹ̀ gbá mú a máa gbọ̀n ní ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Ìyàtọ̀ yìí ni Steven Moore àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi dá a mọ̀ ní 2008. Ẹ̀rọ náà kò wo àrùn. Oògùn levodopa, tí a ti ń lò láti àwọn ọdún 1960, ni ó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́, àkókò tí a ń lò ó sì ṣe kókó. Ẹ̀rọ tí ó bá bàbá jí, tí ó bá a dé ìloro, ni yóò sọ wákàtí tí ẹsẹ̀ kọ̀ fún dókítà. Ẹlẹ́rìí ni, kì í ṣe adájọ́.

Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí a máa sọ ohun tí ó mọ̀ nìkan. Bí ó bá jẹ́ pé ilẹ̀ dídán àti bàtà olókùn ni a fi kọ́ ọ, kí ni yóò sọ nípa ẹni tí ó wọ sìlípáàsì lórí àpáta, tí ó ru igi bọ̀ láti oko? Bí bàbá bá dọ̀bálẹ̀ fún ọba, ṣé kò ní kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ṣubú? Ará Òtu ni kí a fi kọ́ ọ, ní Òtu.

Wọn yóò bi mí pé, kí ni akẹ́kọ̀ọ́ èdè ń wá nínú ọ̀ràn ìṣègùn? Mo ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “dì”, ni ó gbé mi débẹ̀. Yorùbá mọ ẹni tí ń tiro, ó mọ ẹni tí ń wọ́ ẹsẹ̀, ó mọ ẹni tí ń rìn tàgétàgé. Ká ní wọ́n bi bàbá pé, “Ṣé ilẹ̀ máa ń gbá yín lẹ́sẹ̀ mú?”, ìbá ti dáhùn kí ó tó jókòó. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ rán wa lọ gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Ẹ̀yin oníṣègùn, ẹ gbé ẹ̀rọ yín tẹ̀ lé wa.

Àwọn baba wa ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ilé kí a tó sọ àrùn lórúkọ.