Ṣẹ̀gilọlá Kò Ṣe É Fẹ́ràn, Ṣùgbọ́n Ẹ Ka Ìwé Rẹ̀

Àwọn òbí kan máa ń bi mí bóyá ó yẹ kí ọmọbìnrin tí ó ti bàlágà ka ìtàn Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. I. B. Thomas ni ó kọ ọ́. Ó kọ́kọ́ ń tẹ̀ ẹ́ jáde bí lẹ́tà nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, láti 1929 sí 1930. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ìgbà náà gbà pé obìnrin gidi ni ó ń kọ̀wé láti orí ibùsùn àìsàn.

Lóòótọ́, obìnrin náà dalẹ̀ ọkọ, ó sì tan ọ̀pọ̀ ọkùnrin jẹ. Àwọn ọkùnrin náà kò sàn jù ú lọ. Síbẹ̀, èmi ní kí ẹ kà á. Irú ẹni tí a kò fẹ́ràn bẹ́ẹ̀ máa ń jókòó lórí bẹ́ńṣì ní dìsípẹ́ńsárì wa ní Ìrèsì. Bí a kò bá lè fi sùúrù gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ nínú ìwé, báwo ni a ó ṣe gbọ́ ọ bí ó bá jẹ́ ọmọ tiwa?

Ibì kan ni n kò ti bá ìwé náà ṣọ̀kan: ó fi àìsàn ṣe ẹ̀san ẹ̀ṣẹ̀. Kòkòrò kò mọ olódodo yàtọ̀. Ìyàwó tí kò mọ ọkùnrin mìíràn lè kó sífílísì lára ọkọ rẹ̀, ọmọ inú sì lè kó o lára ìyá. 1928 ni Alexander Fleming ṣe àwárí pẹnisilíìnì, ṣùgbọ́n 1943 ni wọ́n tó fi wo sífílísì sàn. Abẹ́rẹ́ yìí kò tíì sí nígbà tí lẹ́tà Ṣẹ̀gilọlá ń jáde. Lónìí ó wà. HIV pàápàá ní oògùn tí ń kápá rẹ̀ bí a bá ń lò ó lójoojúmọ́. Ìtìjú ni ó ṣẹ́kù. Mo ti rí ẹni tí ó fi egbò ojú ara pamọ́ fún oṣù púpọ̀, tí ó ń mu àgbo ní kọ̀rọ̀, kí a má baà pè é ní aṣẹ́wó. Ìyẹn ni pé ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá àti bàbá, ẹ bá ọmọ yín ka ìwé náà. Bí ẹ bá dé ibi tí Ṣẹ̀gilọlá ti ń sunkún, ẹ bi í pé, “Bí ó bá jẹ́ ìwọ ni, ta ni ìwọ ìbá sọ fún?” Bí ó bá dákẹ́, ẹ má bá a wí. Ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé kò sí àìsàn tí kò lè sọ fún yín, kí ẹ sì tètè mú un wá.