Píjò Bàbá Mi Lábẹ́ Igi Máńgòrò

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni àbúrò mi ọkùnrin pè mí láti Ṣakí. Ó kí mi, ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn tó ń ra irin àlòkù ti dé o. Wọ́n ti yẹ mọ́tò Bàbá wò. Wọ́n ní àwọn yóò gé e sí wẹ́wẹ́ níbi tó wà, àwọn yóò sì san ₦380,000." Òrùlé ilé wa ń jò, òjò sì ti ń ṣú bọ̀. Owó náà yóò ra páànù, yóò sì san owó káfíńtà. Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ àbúrò mi kù sí. Ọdún kọkànlá rèé tí mọ́tò náà ti wà lábẹ́ igi máńgòrò láì gbéra, tí adìyẹ ń yé sórí ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀.

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dákun dúró dè mí di ọjọ́ Sátidé.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ ilé, aṣọ àti oúnjẹ ni ẹ mọ̀ mí mọ̀ nínú abala yìí. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé ìfẹ́ mọ́tò àtijọ́ ń pa mí bí ọtí. Bí mo bá rí èyí tó ti pẹ́ lójú títì, mo lè dúró kí n máa wò ó títí ẹni tí a jọ ń lọ yóò fi bínú fi mí sílẹ̀. N kò sì dá wà. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn máa ń kó mọ́tò tó ti lé ní àádọ́ta ọdún jáde sí gbangba, wọn a fi aṣọ nù ún, wọn a sì dúró tì í bí ìdílé ìyàwó ṣe ń dúró ti ìyàwó ọ̀ṣìngín.

Lẹbẹ ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí jù. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Harley Earl, òun ni ọ̀gá àwọn tó ń fa àwòrán mọ́tò ní iléeṣẹ́ General Motors. Ní àkókò ogun àgbáyé kejì, òun àti àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ lọ wo ọkọ̀ òfurufú ogun kan tí wọ́n ń pè ní P-38, tó ní ìrù méjì. Ìrù náà wọ̀ wọ́n lójú. Nígbà tí Cadillac ti ọdún 1948 máa jáde, lẹbẹ kékeré méjì ti hù sí i lẹ́yìn bíi ti ẹja. Bí àwọn iléeṣẹ́ yòókù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í figa gbága nìyẹn, tí lẹbẹ ń ga sí i lọ́dọọdún, títí Cadillac ti ọdún 1959 fi gbé èyí tó ga ju gbogbo wọn lọ jáde: lẹbẹ ṣóńṣó, pẹ̀lú iná pupa méjì méjì tó rí bí ọta ìbọn lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún kan náà, Chevrolet Impala na tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ tó fẹ́ fò.

Iṣẹ́ wo ni lẹbẹ yìí ń ṣe? Kò ṣiṣẹ́ kankan. Kò mú mọ́tò yára, kò sì dín epo tó ń jẹ kù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi èyí bú àwọn ará Amẹ́ríkà pé wọ́n ń fi irin ṣòfò. Èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí, kí n tó wo agbádá tó wà lọ́rùn mi níbi ìnáwó kan. Iṣẹ́ wo ni apá agbádá ń ṣe, tí a fi ń ká a sí èjìká ní ìgbà ogún láàárín wákàtí kan? Ẹni tó bá wọ agbádá kò gbọ́dọ̀ fi lẹbẹ Cadillac ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ má sì rò pé ọ̀nà jìn láàárín lẹbẹ yẹn àti àwa ará Òkè-Ògùn. Ní ọdún 1960 ni iléeṣẹ́ Peugeot ní ilẹ̀ Faransé gbé 404 jáde. Pininfarina ti ilẹ̀ Ítálì ló bá wọn ya àwòrán rẹ̀, ó sì fi lẹbẹ kékeré méjì sí i lẹ́yìn, nítorí pé òkìkí àrà Amẹ́ríkà ti kàn dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn àgbà tó wà ní gáréèjì Ìṣẹ́yìn ṣì rántí 404, pàápàá èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí wọ́n ń kó iṣu àti ènìyàn sí pọ̀. Bí lẹbẹ ọkọ̀ òfurufú ogun Amẹ́ríkà ṣe gba Ítálì àti Faransé kọjá nìyẹn, kí ó tó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ta àkàrà ní Ìṣẹ́yìn.

Èdè wa pàápàá fi hàn pé àwọn baba wa ń wo mọ́tò dáadáa. Lọ́rì onípákó tí èrò ti ń kojú sí ara wọn, tí wọ́n ń fún ara wọn, ni wọ́n pè ní bọ́ọ̀lẹ́kájà: bọ́ sílẹ̀ kí a jà. Volkswagen kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe kúńdú ni wọ́n pè ní ìjàpá. Ṣùgbọ́n èyí tó ń rìn láìpariwo ni wọ́n pè ní ayọ́kẹ́lẹ́. Ẹ tún ọ̀rọ̀ yẹn pè lẹ́nu yín. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ti dúró gbọ́ bí mọ́tò náà ṣe kọjá.

Ìyá ìyá mi ló kọ́ mi ní wíwò. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni, láti ìdílé tí wọ́n ti ń hun aṣọ òkè. Bí ẹnikẹ́ni bá kọjá, kì í wo ojú ẹni náà, aṣọ ló ń wò. Ó lè sọ fún ọ pé sányán yìí kì í ṣe òwú gidi, pé ẹni tó hun ẹtù yẹn kánjú níbi ìdajì, pé ẹni tó so àwọn ìbú aṣọ pọ̀ kò jẹ́ kí ilà bá ilà mu. Mo máa ń rò pé ọ̀rọ̀ àgbà lásán ni, títí mo fi dàgbà tí mo rí i pé bí mo ṣe ń wo mọ́tò gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n wá fi ojú ìyá àgbà wo ti bàbá mi. Peugeot 504 ni, irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, tó ní ìjókòó ọ̀wọ́ mẹ́ta. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1968 ni 504 kọ́kọ́ jáde ní ìlú Paris, wọ́n sì fún un ní oyè mọ́tò tó peregedé jù ní Yúróòpù fún ọdún 1969. Pininfarina náà ló tún lọ́wọ́ nínú àwòrán rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tẹ̀ yìí, lẹbẹ ti lọ pátápátá. Iná iwájú rẹ̀ kò rí roboto, igun rẹ̀ kò sì dọ́gba. Ó fẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó sún kì ní ẹ̀gbẹ́ kejì, bí ojú ẹni tó gbọ́ àwàdà ṣùgbọ́n tí kò tíì fẹ́ rẹ́rìn-ín. Láàárín ojú méjèèjì ni kìnnìún dúró sí. Èyí tí kì í ṣe ti èrò, tí búùtù rẹ̀ dá dúró, ní àrà kan tí mo fẹ́ràn: ìdérí búùtù náà kò gùn gbọọrọ, ó ṣẹ́ po láàárín bí bébà tí a fi ọwọ́ tẹ̀.

Ti bàbá mi kò ní búùtù yẹn. Ohun tó ní ni gígùn. Láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn, 504 tó ní búùtù jẹ́ mítà 2.74, tiwa jẹ́ mítà 2.90. Sípíríǹgì mẹ́rin ló wà lẹ́yìn rẹ̀, méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà, bí ẹrù bá wọ̀ ọ́ tán, kì í jókòó sílẹ̀ bí ewúrẹ́ tó rẹ̀. Jíà rẹ̀ wà lára sítíárì, èyí sì fi àyè sílẹ̀ láàárín awakọ̀ àti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àyè yẹn ni mo ti ń jókòó nígbà ọlidé, lórí ìrọ̀rí, tí bàbá mi yóò ní kí n sún ẹsẹ̀ nígbàkúùgbà tó bá fẹ́ pààrọ̀ jíà.

Kàdúná ni wọ́n ti tò ó pọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1975 ni wọ́n ṣí iléeṣẹ́ náà níbẹ̀, ní àkókò tí owó epo rọ̀bì pọ̀ nílẹ̀ yìí, tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń gba àfikún owó oṣù. Ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n dáwọ́ ṣíṣe 504 onílé dúró ní ọdún 1983. Àwọn ará Kàdúná kò dáwọ́ dúró; wọ́n ń tò ó lọ títí ó fi wọ ọdún 2000 kọjá. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé mọ́tò òyìnbó ni 504, mo máa ń dáhùn pé òyìnbó ló bí i, àwa la tọ́ ọ dàgbà.

Ọ̀nà Ṣakí sí Ìbàdàn ni bàbá mi ń ná. Ní ìtàdógún, tí ọjà Òjé bá ti kù dẹ̀dẹ̀, yóò dúró ní Ìṣẹ́yìn kó àwọn oníṣòwò aṣọ òkè, ẹrù wọn yóò sì kún ẹ̀yìn mọ́tò dé òrùlé. Mo rántí òórùn òwú tuntun tó dà pọ̀ mọ́ ti epo bẹntiróòlù. Ní àwọn ọjọ́ yòókù, èlùbọ́ ni.

Sátidé dé, mo gba ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn, kìlómítà 65 tí wọ́n ti tún ṣe. N kò tíì ṣu jíà dáadáa kí n tó rí ara mi ní Ìṣẹ́yìn. Ní Ṣakí, àwọn tó ń ra irin ti dé ṣáájú mi, wọ́n ti gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin kalẹ̀. Mo mú mẹkáníìkì kan lọ́wọ́, bàbá àgbà tó ti tún 504 ṣe láti ìgbà tó wà ní ọmọ iṣẹ́. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tẹ etí sí i bí ẹni pé ẹ́ńjìnnì ń sọ̀rọ̀, ó ní, "Kò kú. Ó sùn ni." Àbúrò mi ní irú oorun wo ni ti ọdún mọ́kànlá.

Ìpàdé ẹbí bẹ̀rẹ̀. Mo sọ gbogbo ohun tí mo ti sọ fún yín lókè yìí, láti orí Harley Earl dé orí sípíríǹgì mẹ́rin. Mo rò pé mo sọ ọ́ dáadáa. Ìyá mi gbọ́ mi tán. Wọ́n ní, "Mọ́tò yẹn ló rán gbogbo yín níléèwé, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n òjò kò mọ̀ pé ó rán ẹnikẹ́ni níléèwé. Ta ni yóò ra páànù?"

Kò sẹ́ni tó fọhùn. Mo jáde síta, mo pe ìyàwó mi lórí fóònù. A ti ń kó owó jọ láti ra ẹ̀rọ iná oòrùn sí ilé wa. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá èmi ni yóò máa fẹ́ òun nígbà tí iná bá lọ. Mo ní èmi ni. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun fọwọ́ sí i tinútinú.

Bí mo ṣe ra mọ́tò bàbá mi lọ́wọ́ ìyá mi nìyẹn, ní ₦380,000, iye tí àwọn onírin fẹ́ san láì dín kọ́bọ̀ kan. Inú àwọn onírin kò dùn. Mo fún wọn ní owó oúnjẹ. Àbúrò mi ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní bí mo bá tún ní mọ́tò mìíràn tí mo fẹ́ rà, òun ní ìlẹ̀kẹ́ ìjàpá kan tó ti dípẹtà ní oko.

Oṣù méjì rèé. Páànù tuntun ti wà lórí ilé, òjò àkọ́kọ́ sì ti rọ̀, ìyá mi ní àwọn sùn bí ọmọ tuntun. Ẹ́ńjìnnì ti jí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mẹkáníìkì gbé fóònù sí i létí fún mi, mo gbọ́ ọ láti Ìbàdàn. Ó hún díẹ̀, lẹ́yìn náà ló balẹ̀ sí ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tí mo mọ̀. Ohun tó kù tí a kò tíì rí ni rọ́bà tó yí gíláàsì iwájú ká. A ti wá a ní Ṣakí àti Ìṣẹ́yìn, a kò rí i. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ̀wé sí mi. Kò pọn dandan kí ó jẹ́ tuntun.