Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Tí Ó Ń Jẹ Ju Bí Ó Ti Ń Ṣiṣẹ́ Lọ

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti kàn mọ̀ pé kì í ṣe ohun àfojúdi. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé inú ilé ni, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní pírńtà; pàápàá jù lọ, irú èyí tí a sọ fún wa pé yóò máa tẹ̀wé, yóò máa ṣe fọ́tókọ́pì, yóò sì máa ya àwòrán ìwé sínú kọ̀ǹpútà, gbogbo rẹ̀ nínú àpótí kan ṣoṣo.

Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, kò ṣòro láti rí ilé tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà, yálà ní Òkìtìpupa ni o, ní Ìlútitun ni o, tàbí ní Igbótako. Ẹ ó bá a lórí tábìlì tàbí lábẹ́ àga, tí a ti fi aṣọ bò ó. Bàbá rà á kí àwọn ọmọ má baà máa sáré lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà lálẹ́ nítorí iṣẹ́ àmúrelé. Olùkọ́ rà á kí ó lè máa tẹ ìbéèrè ìdánwò. Akọ̀wé ìjọ rà á nítorí ìwé ètò ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Ní oṣù kìíní, ayọ̀ ni. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹta, ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ sí béèrè tàdáwà. Wọ́n lọ sí ọjà, owó tí wọ́n sì pè fún tàdáwà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ gan-an. Bàbá dákẹ́, ó fa aṣọ bo ẹ̀rọ, àwọn ọmọ sì padà sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà.

Ta ni ó jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ṣé ẹ̀rọ ni kò dára, àbí ẹni tí ó tà á ni ó tàn wá, àbí àwa tí a rà á ni kò béèrè ohun tí ó yẹ kí a béèrè?

BÍ ÒWÒ NÁÀ ṢE RÍ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ìdí ọ̀rọ̀. Ní ọdún 1988, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Hewlett-Packard ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí a mọ̀ sí HP, gbé ẹ̀rọ DeskJet àkọ́kọ́ jáde, owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 dọ́là, ìwé títẹ̀ nìkan ni ó sì ń ṣe. Ní ọdún 1994, ilé-iṣẹ́ kan náà gbé OfficeJet jáde, èyí tí ó kó ìtẹ̀wé, fáàsì àti fọ́tókọ́pì pọ̀ sójú kan. Láti ìgbà náà ni owó ẹ̀rọ ti ń wálẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé èyí tí ó kéré jù nínú wọn lónìí kò tó ìdámẹ́wàá owó ti ọdún 1988 ní ọjà Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n owó tàdáwà kò bá a wálẹ̀.

Èyí kì í ṣe èèṣì. Àwọn tí ó ń ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí lè tà á ní èrè kékeré, tàbí kí wọ́n má tilẹ̀ jèrè rárá lórí rẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ó bá ti gbé e wọlé ti di oníbàárà tàdáwà wọn. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ta ẹṣin fún wa ní ọ̀pọ̀, tí ó sì jẹ́ pé òun nìkan ni ó ń ta koríko tí ẹṣin náà lè jẹ. Kátíríìjì, èyí tí tàdáwà wà nínú rẹ̀, kéré púpọ̀. Tàdáwà inú ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju ṣíbí tíì kan tàbí méjì lọ. Èyí tí ó bá ẹ̀rọ wá láti inú páálí kì í sábà kún tó èyí tí a ń rà lọ́tọ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ń dé orí ìwé, nítorí ẹ̀rọ a máa lo lára rẹ̀ láti fọ ẹnu ara rẹ̀.

Wọn kò tilẹ̀ dúró níbẹ̀. Wọ́n fi ohun kékeré kan tí a ń pè ní ṣíìpù sára kátíríìjì, kí ẹ̀rọ lè mọ̀ bóyá tàdáwà ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ni a fi sínú rẹ̀ tàbí ti ẹlòmíràn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ OfficeJet ti HP ṣàdédé kọ tàdáwà tí ó ti ń gbà tẹ́lẹ̀, nítorí pé kì í ṣe ti HP. Ariwo pọ̀, ilé-iṣẹ́ náà sì tọrọ àforíjì ní oṣù kan náà. Ní ọdún 2021, wọ́n pe ilé-iṣẹ́ Canon lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀sùn náà ni pé bí tàdáwà bá tán, àwọn kan nínú ẹ̀rọ alápapọ̀ rẹ̀ kì í gbà kí a ya àwòrán ìwé sínú kọ̀ǹpútà mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni yíya àwòrán ìwé kò nílò tàdáwà rárá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, nígbà tí ṣíìpù wọ́n káàkiri àgbáyé, Canon fúnra rẹ̀ ta tàdáwà tí kò ní ṣíìpù fún àwọn ẹ̀rọ ńlá rẹ̀ ní Jámánì, ó sì kọ́ àwọn oníbàárà bí wọn yóò ṣe kọjá ìkìlọ̀ tí ẹ̀rọ yóò ṣe. Ẹ wò ó, ẹ̀yin ènìyàn: ohun tí wọ́n ti ń sọ pé kò ṣe é máà ní, nígbà tí kò sí mọ́, iṣẹ́ ṣì ń lọ.

NÍ ÀDÚGBÒ TIWA

Bí ó bá rí báyìí fún àwọn tí iná wọn kì í kú, kí ni ká wá sọ fún ará Òkìtìpupa? Ní Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa gan-an, ni àwọn ibùdó ńlá tí ó ń fi gáàsì pèsè iná mànàmáná wà. Síbẹ̀, ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 2014, ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó lo ọdún púpọ̀ láìfi ojú kan iná ìjọba. Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n gbé ayé lé.

Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá ń lo tàdáwà olómi, ó fẹ́ kí a fi bọ́tìnnì tirẹ̀ pa á, kí ó lè rọra dá ẹnu rẹ̀ padà sí ibi tí yóò ti dé e. Bí jẹnẹrétọ̀ bá kú lójijì, tàbí tí a kàn fa wáyà yọ, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ooru sì gbẹ ẹ́. Bí a kò bá tún lò ó fún oṣù kan nítorí owó epo, tàdáwà á dì nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìwé yóò máa jáde pẹ̀lú ìlà funfun láàárín, ọmọ ilé-ìwé á sì máa sunkún pé wọn yóò dá ìwé òun padà.

Ní ìgbà òjò, ọ̀rinrin ilẹ̀ wa a máa wọ inú ìwé tí a kò bò. Ìwé tí ó bá ti rin a máa ká, a sì máa há sínú ẹ̀rọ. Àwọn kan sì wà tí ọmọ wọn fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí láti London tàbí Amẹ́ríkà. Ọmọ dáadáa ni ọmọ náà, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé àwọn ẹ̀rọ kan wà tí kì í gba kátíríìjì tí a bá rà ní apá ibòmíràn láyé. Irú èyí tí HP bẹ̀rẹ̀ sí tà ní ọdún 2020 lábẹ́ ètò HP+ tilẹ̀ béèrè pé kí ẹ̀rọ máa wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàdáwà HP nìkan ni ó sì ń gbà. Bí ẹ̀rọ tòkunbọ̀ bá jẹ́ èyí tí a ṣe fún iná 120 ti Amẹ́ríkà nìkan, ọjọ́ tí a bá kì í bọ iná 230 tiwa ni yóò jóná.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Èkínní, ẹni tí ó ti ní i nílé, kí ó má ṣe bínú gbé e sọ sórí ààtàn. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ máa tẹ ojú ìwé kan, ó kéré tán, lọ́sẹ̀ kan, kí àwọ̀ dúdú àti àwọ̀ mìíràn wà nínú rẹ̀, kí tàdáwà má baà dì. Ẹ fi bọ́tìnnì rẹ̀ pa á kí ẹ tó pa jẹnẹrétọ̀. Ẹ di ìwé sínú ọ̀rá. Bí ẹnu rẹ̀ bá dí, ẹ má ṣe pàṣẹ fún un láti fọ ara rẹ̀ nígbà mẹ́wàá, nítorí tàdáwà tí ẹ ń ṣọ́ ni ó ń fi fọ ọ́. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì jẹ́ kí ó sinmi dí ọjọ́ kejì. Bí kò bá sì lè tẹ̀wé mọ́, ẹ wò ó bóyá yóò ṣì máa ya àwòrán ìwé sínú kọ̀ǹpútà. Ìwé ẹ̀rí ọmọ àti ìwé ilẹ̀ tí a bá ti yà pamọ́ kò ní tán pẹ̀lú ikán.

Èkejì, ẹni tí ó fẹ́ rà á, kí ó má ṣe béèrè owó ẹ̀rọ nìkan. Kí ó béèrè owó tàdáwà àti iye ojú ìwé tí yóò tẹ̀. Kí a sọ pé kátíríìjì kan jẹ́ 20,000 náírà, tí ó sì lè tẹ 100 ojú ìwé. A jẹ́ pé 200 náírà ni ojú ìwé kan, láì tíì ka owó ìwé àti ti epo. Bí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà bá ń gba 100 náírà, kí ni a wá fi ra ẹ̀rọ? Ẹni tí kò ní tẹ ju ìwé dúdú lọ lè wá ẹ̀rọ lésà, nítorí ìyẹ̀fun ni tàdáwà tirẹ̀, kì í gbẹ, a sì máa tẹ ojú ìwé tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún. Ṣùgbọ́n ó ń fa iná púpọ̀, jẹnẹrétọ̀ kékeré lè má gbé e. Èyí tí a ń fi ìgò bu tàdáwà sí náà wà, irú èyí tí Epson kọ́kọ́ tà ní Indonesia ní ọdún 2010. Owó rẹ̀ wọ́n ní ọjọ́ tí a bá rà á, ṣùgbọ́n jíjẹ rẹ̀ kò pọ̀. Àkàwé ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ilé ìṣọ́ tí kò sì lè parí rẹ̀, kì í ṣe ti bíríkì nìkan.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú tì yín láti lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ mọ gbágùúdá lò fún gaàrí àti pupuru, síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo ilé ni ó ra ẹ̀rọ tí a fi ń lọ̀ ọ́. Ìyá a gbé gbágùúdá lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ní ẹ̀rọ, a san owó, a sì gbé e padà. Kò sí ẹni tí ó pe èyí ní ìṣẹ́. Kí ló dé tí ti ìwé yóò fi di ohun ìtìjú? Ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè dáwó ra ẹ̀rọ kan tí ó dára. Ilé-ìwé lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìjọ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í dí lẹ́nu.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin tí ẹ ń tà á, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ẹ kọ owó tàdáwà sí ẹ̀gbẹ́ owó ẹ̀rọ. Bí ìyá kan bá wá pẹ̀lú owó tí ó fi oṣù mẹ́fà kó jọ, tí ẹ sì mọ̀ pé kò ní lè máa bọ́ ẹ̀rọ náà, òtítọ́ ni ẹ jẹ ẹ́ ní gbèsè. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018, èyí tí ó dá àjọ FCCPC sílẹ̀, kò fẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ dídùn tan ẹni tí ó ń rajà. Ó yẹ kí àjọ náà yí ojú sí ọ̀rọ̀ yìí, kí ó jẹ́ dandan láti kọ iye tí ojú ìwé kan yóò ná ènìyàn sí ara páálí.

Ẹni tí ó lé eku méjì a máa pòfo. Àpótí tí ó ṣèlérí iṣẹ́ mẹ́ta ní owó iṣẹ́ kan, ó yẹ kí a wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Owó tí a fi ń bọ́ ohun tí kò ṣiṣẹ́, owó ilé-ìwé ọmọ ni, owó oògùn ìyá arúgbó ni. Kí a má ṣe fi ṣòfò nítorí pé a fẹ́ kí aládùúgbò rí i pé a ní.

Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n láti béèrè kí a tó rà, kí ó fún àwọn oníṣòwò wa ní ọkàn tí kò ní fi òtítọ́ pamọ́, kí ó sì bùkún iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo wa. Àmín.