Kórọ́ọ̀mù fún Wọ́ọ̀dù Àwọn Alárùn Ọpọlọ

Ọ̀rọ̀ owó ìpín àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó wà ní ojú ìwé mìíràn. Èyí tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò níbí lè jọ ohun tí kò kàn wá létí àwọn kan: iye òṣìṣẹ́ tó yẹ kó wà lẹ́nu iṣẹ́, lọ́sàn-án àti lóru, ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ tó jẹ́ ti ìjọba.

Ẹnìkan á ní, "Akọ̀wé, kí ló kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nínú ọ̀rọ̀ wèrè?" Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn àgbà ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Bí àrùn yìí bá fẹ́ wọ ilé ẹnìkan nínú wa, kò ní í béèrè bóyá onítọ̀hún ti san owó oṣù rẹ̀ pé. Ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó mọ̀ pé a máa ń gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ tó fẹ́ yá owó nítorí ọmọ, aya tàbí ọkọ tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú. Ìtìjú kì í jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. "Àìsàn ilé" ni wọ́n máa ń kọ. Owó tí gbogbo wa dá jọ ni wọ́n ń gbé lọ síbẹ̀, ó sì yẹ kí a mọ ohun tí owó náà ń bá pàdé.

Gbogbo wa la mọ kórọ́ọ̀mù. Bí iye èèyàn tí òfin ẹgbẹ́ kọ sílẹ̀ kò bá pé, ìpàdé kò tíì bẹ̀rẹ̀, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ pọ̀ tó, bó ti wù kí alága máa kánjú tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní báńkì: ẹnìkan ṣoṣo kì í buwọ́ lùwé kó gba owó ẹgbẹ́. Iye èèyàn la fi ń ṣọ́ owó. Ó dáa, èèyàn mélòó ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọgbọ̀n aláìsàn lóru? Èsì tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ni pé, "Iye tó bá wá ni." Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo ń bá wí. "Iye tó bá wá" kì í ṣe òfin. Bí a bá fi ṣe ìpàdé ẹgbẹ́ wa, àwọn olùyẹ̀wé owó á ti wa mọ́lé.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Ní 1907 ni ìjọba òyìnbó ṣí ilé àwọn alárùn ọpọlọ sí Yábàá, ní Èkó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibi ìpamọ́ ni, kì í ṣe ibi ìwòsàn. Ní 1944, wọ́n sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n kan ní Láńtòrò, l'Ábẹ́òkúta, di irú ilé bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó di 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó kàwé dé láti Ìlú Ọba, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò. Ilé ìwòsàn náà kò tíì parí, ló bá fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, ó ní kí ẹbí kan bá aláìsàn kọ̀ọ̀kan wá. Wọ́n á wá gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọ́n á padà sábúlé. Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Òkìkí iṣẹ́ yìí kàn káàkiri ayé, Lambo fúnra rẹ̀ sì di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé láti 1973 títí di 1988.

Mo mẹ́nu ba èyí nítorí pé àwọn kan ti ń fi orúkọ Arò bojú. Wọ́n á ní, "Ṣebí ẹbí ló ń tọ́jú aláìsàn láyé Lambo, kí ẹbí wá dúró tì í." Ẹ gbọ́ ná. Lambo fi ẹbí kún nọ́ọ̀sì ni, kò fi ẹbí dípò nọ́ọ̀sì. Ọwọ́ ló ń fi kún ọwọ́. Ìyá arúgbó tó jókòó ti ọmọ rẹ̀ lè fún un lóúnjẹ, ó lè bá a sọ̀rọ̀; kò mọ ìgbà tí oògùn ń ṣe ọmọ náà níjàǹbá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò bí akọ̀wé. Ní ìpínlẹ̀ California, l'Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe òfin kan ní 1999 tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní 2004. Ó ní ní wọ́ọ̀dù àwọn alárùn ọpọlọ, aláìsàn tó wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan kò gbọdọ̀ ju mẹ́fà lọ, nígbàkígbà. Ká mú wọ́ọ̀dù tó ní aláìsàn 30. Nọ́ọ̀sì 5 ló gbọ́dọ̀ wà lórí ìdúró. Àwa á rò pé bí ìjọba bá ti gba nọ́ọ̀sì 5 síṣẹ́, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan, nọ́ọ̀sì kan sì ń ṣiṣẹ́ wákàtí 40. Ẹ pín 168 sí 40, ó jẹ́ 4.2. Ìyẹn ni pé kí àyè ẹnìkan ṣoṣo má baà ṣófo tọ̀sántòru, ó gba èèyàn mẹ́rin ó lé díẹ̀. Ẹ sọ 4.2 di ìlọ́po 5, ó di 21. A ò tíì ka ẹni tó lọ fún ìsinmi ọdún, ẹni tó bímọ, ẹni tí ibà dá dúbúlẹ̀. Bí a bá kà wọ́n, kò lè dín ní nǹkan bí 25.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé wọ́ọ̀dù báyìí-báyìí ní nọ́ọ̀sì 10, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Mẹ́wàá orí ìwé, méjì péré ni ẹ ó bá lẹ́nu iṣẹ́ bí ẹ bá débẹ̀ lóru.

Kí wá ni èèyàn méjì ò lè ṣe? Èkíní, bí aláìsàn kan bá ń wá ọ̀nà láti pa ara rẹ̀, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà nítòsí rẹ̀ tí ojú kò ní kúrò lára rẹ̀. Nínú méjì, ọ̀kan ti lọ nìyẹn, ẹnìkan ló kù fún aláìsàn 29. Èkejì, bí inú bá ru aláìsàn kan tó fẹ́ ṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn léṣe, àti dì í mú láì ṣẹ́ ẹ léegun gba èèyàn bíi márùn-ún: ọ̀kan lápá kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan níbi orí. Èèyàn méjì ò lè ṣe é. Kí ni wọ́n á ṣe? Wọ́n á so ó mọ́lẹ̀, tàbí kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ tó lágbára títí á fi sùn bí òkú. A ó máa bú nọ́ọ̀sì pé ìkà ni, bẹ́ẹ̀ àìtó ọwọ́ ló ń ṣe ìkà náà. Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ sísọ wà lára oògùn àrùn yìí. Ẹni tó ń sáré kiri kò lè jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnìkankan.

Ní 2019, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde nípa àwọn tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè ní Nàìjíríà: nílé àdúrà, nílé kéwú, lọ́dọ̀ oníṣègùn, àti ní ibùdó ìjọba pàápàá. Ní oṣù kìíní 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí Òfin Ìlera Ọpọlọ, èyí tó rọ́pò òfin wèrè tó ti wà láti 1958. A dúpẹ́ fún un. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa lórí ẹ̀tọ́ aláìsàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tí kò rí ọwọ́ tó máa mú un ṣẹ, inú fáìlì ni yóò sùn sí.

Mo mọ àtakò tó wà nílẹ̀, wọn kì í sì í ṣe àtakò yẹpẹrẹ. Àkọ́kọ́ ni pé èèyàn kò sí. Òótọ́ ni. Àwọn dókítà ọpọlọ tó wà ní orílẹ̀-èdè yìí kò tó 300, a sì ju 200 mílíọ̀nù lọ. Ẹ pín in: dókítà kan sí èèyàn tó ju 650,000 lọ. Àwọn nọ́ọ̀sì sì ń kó lọ sókè òkun. Ní 2024, kọ́ńsílì àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ìlànà pé kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ọdún méjì nílé kí wọ́n tó bá a fi ẹ̀rí ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ síta. Lójú tèmi, ilẹ̀kùn la tì, a ò tún inú ilé ṣe. Owó oṣù ń lé wọn lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù náà ń lé wọn lọ: ta ló fẹ́ dá nìkan dúró lóru láàárín ọgbọ̀n aláìsàn? Bí a bá kọ iye tó pé sílẹ̀, tí a sì mú un ṣẹ, àwọn kan á dúró. Igi kan kì í dá igbó ṣe.

Èkejì, wọ́n á ní bí a bá fi òfin le e, wọ́ọ̀dù á tì, aláìsàn á sì padà sí ibi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ló wúwo jù lọ́kàn mi. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní kí a ti wọ́ọ̀dù lọ́la. Kí ìlà náà gòkè díẹ̀díẹ̀, lọ́dọọdún, kí gbogbo èèyàn sì máa rí i bí ó ṣe jìnnà sí. Jámánì bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1991, wọ́n tún un ṣe ní 2020. Wọn kì í ka orí nìkan; bí àìsàn bá ṣe le sí ni wọ́n fi ń ṣírò iye ìṣẹ́jú tó tọ́ sí aláìsàn lọ́sẹ̀, lọ́wọ́ dókítà, lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì àti lọ́wọ́ àwọn yòókù. Ọjọ́ kan kọ́ ni wọ́n kọ́ ọ, àwa náà kò sì ní í kọ́ ọ lọ́jọ́ kan.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí a gbé wá síwájú ìpàdé gbogbogbòò wa tó ń bọ̀:

1. Kí ẹgbẹ́ wa, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yòókù ní agbègbè yìí, kọ lẹ́tà sí àwọn aṣojú wa ní Àbújá àti nílé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀, pé kí wọ́n kọ iye òṣìṣẹ́ tó kéré jù sínú ìlànà ilé ìwòsàn alárùn ọpọlọ, ti ọ̀sán lọ́tọ̀, ti òru lọ́tọ̀.

2. Kí wọ́n lẹ iye náà mọ́ ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ iye tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lónìí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó mú èèyàn rẹ̀ wá lè fojú ara rẹ̀ kà á. Kí nọ́ọ̀sì tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rí ẹni rọ́pò rẹ̀ láì jẹ́ pé ìwé àṣẹ ń rìn lọ rìn bọ̀ fún ọdún gbọọrọ.

3. Kí a ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́, ká fi yá ọmọ ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì alárùn ọpọlọ lówó, ní èlé tó fúyẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á tako ìkẹta pé owó ẹgbẹ́ kì í ṣe owó ìjọba. Kí wọ́n wá, kí wọ́n sọ tẹnu wọn, kí a sì dìbò. Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ẹ wá lọ́pọ̀ yanturu. Bí a ò bá pé, a ò lè ṣe ìpinnu kankan. Ẹ ṣáà mọ òfin wa.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́,
Akọ̀wé